Wọ́n Ní Kí N Wá Bí Mo Ṣe Rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọ̀gá wá kí mi lónìí. Bí mo ṣe gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo yára dìde jókòó kó má baà bá mi ní ìdùbúlẹ̀, bí ẹni pé kò mọ̀. Obìnrin yìí ti ń darí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú ọmọ, ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú tí à ń tàn jẹ. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ méjì ni mo bá wá. Ọ̀kan dùn, ọ̀kan ò dùn."

Mo ní kó kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn. Ó ní ó ti pé ọdún kan tí òun ti ń bá mi di kíláàsì mi mú, pé àwọn ìgbìmọ̀ ti ń béèrè, pé kí sáà yìí tó parí òun gbọ́dọ̀ sọ fún wọn bóyá mò ń padà bọ̀ tàbí kí wọ́n gba ẹlòmíràn. "Mi ò lè máa sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní ó rẹ àwọn náà. Wá dókítà kan tó lè sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún mi, àti ohun tí o lè ṣe. Màá bá ọ di àyè rẹ mú."

Èyí tó dùn ni pé dókítà kan wà ní ọsibítù ńlá tó ń wá irú mi fún ìwádìí: àwọn tí ibà ṣe, tí ibà lọ, tí àárẹ̀ ò bá a lọ. Ó ń fura sí irú kòkòrò àrùn tó jà ní kíláàsì wa lọ́dún tó kọjá. Ta ni yóò gbàgbé ìyẹn? Ibà, egbò ẹnu, ara sísú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àwọn ọmọ ti ń fò kiri. Èmi tí mò ń nu itọ́ wọn ni mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Ọ̀gá lọ tán, Màmá ní, "Dókítà dára o. Ṣùgbọ́n tí o bá lè máa dìde láàárọ̀ kí o rìn yí ilé po díẹ̀, ara á jí." Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rí, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè bá a jà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọsibítù dá wa lóhùn. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kí n wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ọ̀rọ̀ náà kanrí bí ẹni tí wọ́n gbé irun ìyàwó fún. Onídìrí ni, kò sì sí wàhálà ayé yìí tí kò kọ́kọ́ wo orí rẹ̀.

"O ò ní gbé irun yẹn lọ síwájú dókítà," ló wí. "Wọ́n á rò pé o ò ní ẹbí."

Ó ti ṣètò ohun gbogbo. Láti ọ̀la, mi ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan. Mi ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn. Mi ò gbọdọ̀ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí a ṣe ń gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù ni kí n máa tọ́jú agbára pamọ́, kí n lè ní tó láti fi dé ọ̀dọ̀ dókítà kí n sì sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Mo ní ó dáa. Mo ti ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbé ayé láti ọdún kan.

Òjò ò dá. Tòmátì ti wọ́n débi pé Màmá ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ kó tó gé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo sùn. Mo jí. Mo tún sùn. Iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi dì mí nírun. Orí itan rẹ̀ ni mo gbé orí lé, tí mo na gbogbo ara sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dì í dé ìdajì láàárọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó padà wá dì í tán lọ́sàn-án. Títí ó fi dé, orí mi dà bíi ti ẹni méjì tí kò mọ ara wọn. Màmá yọjú, ó rí mi, ó padà sí kíṣìnnì kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ́ mi létí ní gbogbo ìgbà náà: ta ló kọ ta, ta ló ní òun ò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ tó sì padà wá pẹ̀lú bisikíìtì. Ó fi ìlarun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wá ní, "Tí wọ́n bá rí nǹkan yìí, tí wọ́n bá lè tọ́ka sí i, o mọ̀ pé màá pariwo ládùúgbò." Mo ní mo mọ̀. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bíi wọ́dà. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo máa wọ̀ lọ́la.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lọ ra epo, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ara mi tó já mi kulẹ̀.

Mo ṣe dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọlé. Dókítà náà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ò ga, tó sì ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ wá gíláàsì ojú rẹ̀, bi mí ní ìbéèrè, mo dá a lóhùn létòlétò bí ẹni ń ka ìwé. Mo dá àpárá. Ó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbé irin kan tí wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún un, mo sì fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó rẹ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ kú agbára o, Àǹtí." Inú mi dùn, mo ń wo Ẹ̀gbọ́n mi lójú bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Dókítà ka ohun tó kọ, ó bọ́ gíláàsì, ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Ṣùgbọ́n àyè tí a ní ò pọ̀, àwọn tí à ń wá, àìsàn tiwọn le ju tiyín lọ. Ara yín ti ń bọ̀ sípò. Ẹ bá wa yọ̀."

Mo ní ẹ ṣeun mà. Mo kúnlẹ̀ dágbére pàápàá. A dé inú ọkọ̀ kí ó tó yé mi pé mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan múra láti dà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, mo sì yege. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo irun orí mi, ó ní, "Iṣẹ́ mi ló bà ọ́ jẹ́." Ẹkún náà bá di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu, a ò lè dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ń padà bọ̀ báyìí. Bírò ti ń wúwo lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Lánàá, mi ò sí láyé. Ìmọ́lẹ̀ ń dùn mí. Ohùn ń dùn mí. Omi tí mo fẹ́ mu dà sí mi láyà torí pé ife wúwo.

Màmá ló wọlé bá mi bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú kí n dìde jókòó bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orí ò gbé kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó dúró. Ó gbé ife, ó fi ọwọ́ kan gbé orí mi, ó ń fi omi sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Kò sọ pé kí n rìn yí ilé po.

"Báyìí ló ṣe máa ń rí?" ló bi mí.

Mo ṣẹ́jú.

"Kí ló dé tí mi ò rí i rí?"

Mi ò lè dá a lóhùn lánàá. Lónìí mo sọ fún un: torí pé mo máa ń dìde jókòó tí ẹ bá ń bọ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń na etí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí kò ká. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí pálọ̀, mo sì gbọ́ tó ń pe ọsibítù. Màmá kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù, ó gbà pé ibi tí ẹni náà wà jìnnà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí ẹ rí lọ́jọ́rú, ẹni tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ la fi tọ́jú ẹ̀. Èyí tó wà nílé báyìí, kò lè gbé ife. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ̀ ń wá?"

Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo gbọ́ nígbà tí Màmá ní "Ẹ ṣé gan-an," tó sì fọn imú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nọ́ọ̀sì pè wá padà. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kó pè: ó ní ó yẹ kí òun ti bi mí léèrè ohun tí mo ṣe kí n tó wá àti bí ara mi ṣe rí lẹ́yìn tí mo lọ. Kí n padà wá, ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ohun kan náà ni wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì wá gba ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ: "Àǹtí, ẹ má sinmi sílẹ̀. Ẹ má dirun. Ẹ má lo páúdà. Ẹ wá bí ẹ ṣe rí."

Èyí dun Ẹ̀gbọ́n mi ju àìsàn mi lọ. Ó bẹ̀ pé kí òun kàn fi òróró díẹ̀ sí mi nírun. Màmá ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kí òun wé gèlè kékeré fún mi. Màmá ní kò sí ohun tó ń jẹ́ gèlè kékeré lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n bára wọn dúnàádúrà títí wọ́n fi fẹnu kò sí pé mo lè wẹ ojú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá fi ohùn àwọn ọmọ ránṣẹ́ sórí fóònù. Wọ́n kọrin tí mo kọ́ wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì gbàgbé àárín rẹ̀, gbogbo wọn bá ń ké "là-là-là" títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n mọ̀. Ọmọbìnrin kékeré tí à ń pè ní Ìyá Àgbà gba fóònù níkẹyìn. Ó kéré jù nínú wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti sin ọkọ méjì. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì sùn tán?"

Mo gbọ́ ọ títí bátìrì fi kú. Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ní ọsibítù, wọ́n gbé mi gun kẹ̀kẹ́ kan tí kì í lọ síbì kankan, pẹ̀lú wáyà láyà. Mo wà á. Mo fún irin. Mo ṣe dáadáa díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó di ọ̀la." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àná ni mo fẹ́ kọ. Màmá ló ń bá mi di ìwé yìí mú.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì mí wọlé. Irun mi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyẹ ti kó kúrò níbẹ̀. Ojú ẹ̀yìn aṣọ mi ló wà níta, bàtà mi kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń tì mí, ó ń wolẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ kankan má baà rí i. Nọ́ọ̀sì gbé irin lé mi lọ́wọ́. Mo fún un. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ mì díẹ̀, ó padà sílé. Wọ́n gbé mi dé orí kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi yí i díẹ̀, ó dúró.

Dókítà gbé àyẹ̀wò ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó pẹ́ tó fi ń wò wọ́n. Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, kò bá Màmá sọ̀rọ̀, èmi ló bá sọ̀rọ̀. "Ẹ ò purọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ ò sì purọ́ lónìí. Ẹ máa wà lára àwọn tí à ń wá."

Nínú ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi ń lu ọwọ́ ìtukọ̀, ó ní, "Ó gbòdo! Àbúrò mi gbòdo!" Màmá ń ṣàdúrà, ó ń dúpẹ́ pé mo fìdí rẹmi. Ó yẹ kí ẹnì kan ti rí wa. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, mi ò lè ṣí ojú, inú mi sì ń dùn títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ mí lọ́fun, wọ́n fi bu ẹran wẹ́wẹ́ nínú ikùn mi. Kò dùn tó bí mo ṣe bẹ̀rù. Mo bi Dókítà pé kí ló ń wá níbẹ̀ gan-an.

Ó ní irú kòkòrò yìí, ẹnu ló ń gbà wọlé, inú ìfun ló ń gbé, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á sì lé e jáde pátápátá. Ó ní àwọn onímọ̀ kan rò pé lára àwọn ẹlòmíràn kì í lọ tán, pé ó máa ń sá pamọ́ síbì kan, kò ní jà, kò sì ní lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí wọ́n ń rí ò tó ẹ̀rí.

"Bí ayálégbé tó kó lọ tó fi ẹrù sílẹ̀?" ni mo wí.

"Tàbí tó fi ẹnì kan sílẹ̀ nínú yàrá," ló dáhùn. "A ò tíì mọ̀. Ìdí tí a fi ń kanlẹ̀kùn nìyẹn."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Èsì ò tíì dé. Ṣùgbọ́n mo fọ irun ara mi lónìí. Orí àpótí ni mo jókòó sí, mo fọ apá kan, mo sinmi, mo jẹun, mo fọ èkejì. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi ni: kí n jókòó kó tó rẹ̀ mí, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ mí.

Màmá ti yí padà pátápátá. Mo dìde wá omi, ó ní, "Níbo lò ń lọ? Jókòó." Mo dìde wá ṣíbí, ó ní, "Jókòó." Mo ní Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa rìn yí ilé po. Ó ní ìgbà yẹn, òun ò tíì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo jí, ara mi ò dá mi lẹ́bi irun àná. Òjò dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Dókítà ní wọ́n rí ipasẹ̀ kòkòrò náà nínú ẹran tí wọ́n mú lára mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dìde kó pariwo bó ṣe ṣèlérí. Dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. A tún rí i lára ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le koko, tó ń sáré láàárọ̀. Mo rí ojú ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ yẹn ló fọ́ ilé. Mi ò tíì mọ̀."

Mo ti rò pé bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ màá sunkún. Mi ò sunkún. Láti ọdún kan ni gbogbo èèyàn ti mọ ohun tó ń ṣe mí: oúnjẹ ni, ìrònú ni, ìjókòó jù ni. Obìnrin yìí wò mí lójú, ó ní òun ò mọ̀, kò sì lé mi kúrò nítorí ìyẹn. Ara mi fúyẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ó pe Ọ̀gá lórí fóònù níṣojú wa. Ó ní àìsàn gidi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ìrònú, àyẹ̀wò ọjọ́ méjì ti fi í hàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì mọ orísun rẹ̀. Ó ní mo lè ṣiṣẹ́ díẹ̀, ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, kí n sì dáwọ́ dúró kó tó rẹ̀ mí.

Ọ̀gá béèrè pé, "Ẹ ní ní ìdùbúlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ẹ jẹ́ kí n ronú."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá wá. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀, mi ò dìde. Ó rí i pé mi ò dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà.

Wákàtí oorun ọ̀sán ló fẹ́ gbé fún mi. Gbogbo olùkọ́ ló ń sá fún un. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ sùn, wọ́n á wá máa rìn láàárín wọn, àwọn ọmọ á sì máa wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni ń wo sinimá. "Ẹni tó máa dùbúlẹ̀ ni mo ti ń wá láti ọdún yìí wá," ló wí. "Wá lọ́jọ́ Ajé. Tó bá lọ dáadáa, màá kọ orúkọ rẹ sí sáà tuntun: oorun ọ̀sán, àti ìtàn lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá lọ dáadáa, o mọ̀ pé mi ò ní àyè mìíràn."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi lọ. Ó wo irun mi, tí a ò dì, ó ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó bá mi ṣí ilẹ̀kùn.

Yàrá náà ń rùn bó ṣe máa ń rùn, ọṣẹ àti bisikíìtì. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Àwọn ọmọ ti ga, imú wọn ṣì ń ṣàn. Wọ́n pariwo, Ọ̀gá fi ojú kan pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó sì fi wá sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ aṣọ, àwọn kan ń fi ìka kàn mí wò bóyá èmi ni lóòótọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dákẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Ó ku Ìyá Àgbà. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi: kò sùn lọ́sàn-án rí, bí kò bá sì ti sùn, á jí àwọn yòókù. Ó jókòó sórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ká ọwọ́ láyà, ó ń wò mí. Láìmọ̀, mo ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ kí n dìde jókòó.

"Àǹtí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ó rẹ̀ yín?"

"Rárá o" ti wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó rẹ̀ mí."

Kò béèrè láti ìgbà wo. Kò béèrè pé kí ló fà á. Ó tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, ó na ìdajì rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ sùn. Èmi á máa ṣọ́ wọn."

Mo sùn. Ọ̀gá ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó jí. Ó ní nígbà tí òun yọjú wo yàrá, gbogbo wa ló ti sùn lọ, ẹ̀ṣọ́ wa pẹ̀lú, tó gbé ọwọ́ lé irun orí mi.